Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé orin ìbànújẹ́ lè tuni lára?

Ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin The National.

1. Ọmọ ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni wọ́n, àmọ́ New York ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1999. Matt Berninger ló ń kọrin. Àwọn mẹ́rin yòókù, ọmọ ìyá méjì-méjì ni: Aaron àti Bryce Dessner (ìbejì ni wọ́n o!), Scott àti Bryan Devendorf.

2. Kí àwo wọn, First Two Pages of Frankenstein, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú Berninger débi pé kò rí ọ̀rọ̀ orin kọ mọ́. Ìwé Frankenstein tí Mary Shelley kọ ló ṣí, ọ̀rọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ibẹ̀ ni orúkọ àwo náà ti wá.

3. Ẹ gbọ́ orin "Eucalyptus" nínú àwo náà. Àwọn méjì fẹ́ pínyà, wọ́n ń pín ẹrù ilé. Kò sí èébú, kò sí ẹkún. Ta ni yóò kó èyí, ta ni yóò kó tọ̀hún, ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ohùn Berninger sì wà nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó wọni lára ju ariwo lọ!

4. Olórin Taylor Swift náà wà nínú àwo yìí, nínú orin "The Alcott".

5. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n tún gbé àwo mìíràn, Laugh Track, jáde láìròtẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, òun ló dùn jù, torí ìlù Bryan rinlẹ̀ níbẹ̀.

Orin wo ló ń tu ẹ̀yin nínú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ràn gìtá.