Ọbẹ̀ Òjò, Ọbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn: Bí A Ṣe Lè Jẹ Ẹ̀fọ́ Yípo Ọdún Láìná Ìnákúnàá

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ẹ̀yáwó tó yẹ kó wọ ọjà a máa yà sí ọ̀dọ̀ dókítà nígbà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìkòkò wà lára ohun tí apá wa ká.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ wa tó ń jókòó sọ́jà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó kì í jẹ ìdajì ìyẹn. Bí ẹ bá bi wá, a ó ní ẹ̀fọ́ ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà mọ̀ pé ọjà tó bá pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa ra èyí tí àsìkò bá gbé wá.

NÍGBÀ ÒJÒ

Láti oṣù kẹrin tí òjò ti ń rọ̀, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre àti ẹ̀bòlò á máa ya wọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni tẹ̀tẹ̀ fi ń tó tà. Ìgbà yìí ló yẹ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo wa.

Bí ẹ bá fẹ́ ro ẹ̀fọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ tán tí a tún ń fún nínú omi, oore rẹ̀ bá omi lọ. Ẹ má jẹ́ kí epo jó. Ẹ din ata àti àlùbọ́sà, ẹ da irú sí i, kí ẹ̀fọ́ wọlé kẹ́yìn, kí ẹ sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Gbúre ní omi lára, ẹ má bu omi sí i. Irú tó bá pọ̀ á jẹ́ kí iyọ̀ àti máàgì dínkù. Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ.

Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, àgbàdo tútù dé. Ẹ sè é mọ́ ẹ̀wà, kó di àdàlú, kí ẹ gé ṣọkọ wẹ́wẹ́ sí i.

Tòmátò ló máa ń wọ́n nígbà òjò, nítorí láti òkè ọya ló ti ń wá. Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2016, tí kòkòrò kan ba oko tòmátò jẹ́ débi pé ìjọba Kàdúná kéde ìdágìrì. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò di ohun tí a ń wò lókèèrè. Ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ rò kò ní kí ebi pa ilé òun nítorí tòmátò.

NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Láti oṣù kọkànlá, ewé á máa wọ́n, àfi ewúro tó ń fara da oòrùn àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń bomi rin létí àbàtà. Ṣùgbọ́n tòmátò á pọ̀, ẹ̀wà tuntun á dé, ọsàn àti agbálùmọ̀ á tẹ̀ lé e. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ gbájú mọ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ orúnlá. Ẹni tó sá ewédú nígbà òjò á rí i lò: ẹ ṣa ewé rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń gbà, torí oòrùn gangan ń ba oore rẹ̀ jẹ́. Bó bá gbẹ, ẹ dé e mọ́ inú agolo.

Ẹni tó fẹ́ sàláàdì kò nílò kírímù olówó iyebíye. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, tòmátò àti ẹ̀wà sísè tó, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ dáadáa, torí iná ò kàn án.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀wà tuntun bá dé, kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá dáwó ra àpò kan, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ dé e pa. Ẹ má fi oògùn kòkòrò sí i o. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́fọ́, ẹ̀fọ́ tó bá kù lẹ́bàá alẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi lọ ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó rọ dànù. Owó yín ni, ìlera wa ni.

Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó bi í léèrè irú ẹ̀fọ́ tó lè jẹ. Ẹni tí kò sì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dún yìí, kó yà sí ilé ìwòsàn.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní tẹ́. Ọjà á tà o.