Bí Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ Ìgékoríko Bá Kọ̀ Láti Yí

Ẹni tí ìtọ́jú pápá ilé-ìwé tàbí àgbàlá ìjọ bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀rọ ìgékoríko tí a ń gùn ṣe iṣẹ́ náà, lè bá ọjọ́ kan pàdé tí ẹ́ńjìnì yóò máa dún dáradára ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ kò ní yí. Ọ̀pọ̀ a sáré lọ ra kílọ́ọ̀ṣì titun, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nígbà tí wọ́n bá dè é tán, ọ̀bẹ náà kò yí síbẹ̀. Kí a tó náwó, ó yẹ kí a tọ ipa ọ̀nà iná láti orísun rẹ̀ wá.

Wáyà tí a wé jọ ni ó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì náà. Bí iná bátìrì bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó di òòfà, ó fa àwo irin mọ́ra, bẹ́líìtì a sì yí ọ̀bẹ. Kí iná tó dé ibẹ̀, ó ní láti gba fíúsì àti bọ́tìnì ọ̀bẹ kọjá. Súwíìsì kékeré abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so súwíìsì yìí pa: òun ni ó ń dá ẹ́ńjìnì tàbí ọ̀bẹ dúró bí awakọ̀ bá ṣubú.)

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì yọ wáyà púlọ́ọ̀gì. Bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí 12.6 volt hàn. Ẹ wo fíúsì. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan jókòó sórí ẹ̀rọ, kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jí ẹ́ńjìnì, kí ó sì fa bọ́tìnì ọ̀bẹ. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ “kọ́” lábẹ́ bí òòfà bá mú.

Bí kò bá dún, ibí yìí ni mítà ti ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n á yọ ìsopọ̀ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á rí 12 lórí mítà, wọ́n á sì dájọ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni ó kú. Ṣùgbọ́n iná tí mítà ń fẹ́ kò tó nǹkan; wáyà tí ó ti dípẹtà, tí ó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, lè fún un ní 12 náà. Kílọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ nǹkan bí 4 ampere, wáyà bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbé e. Nítorí náà, ẹ fi ìsopọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ẹ sì ti ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí 12 bá wá sọ̀kalẹ̀ di 8 tàbí 9, ọ̀nà ni ó bàjẹ́. Ẹ yẹ bọ́tìnì wò, àti ibi tí wáyà dúdú ti so mọ́ ara irin ẹ̀rọ. Ìpẹtà fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀ ní àkókò òjò.

Bí iná bá dé ibẹ̀ pé tí òòfà kò sì mú, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ìsopọ̀, kí ẹ wọn wáyà inú kílọ́ọ̀ṣì. Ó sábà máa ń wà láàárín 2 sí 4 ohm. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà inú ti já. Bí ó bá súnmọ́ òdo, àwọn wáyà ti ń kan ara wọn, irú èyí a sì máa jó fíúsì.

Èyí tí ó ń mú ní òwúrọ̀, tí ó sì ń tú lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí ó bá gbóná ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí bí ó bá tutù tán, yóò dà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Bí wáyà rẹ̀ bá pé síbẹ̀, ẹ wo àlàfo àárín òòfà àti àwo irin, tí lílò ti mú fẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ 0.012 sí 0.015 íǹṣì. Àwọn kan ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí a fi ń dín in kù. Èyí tí kò bá ní i ni a ó pààrọ̀.