Ilé Méjì Ni Ìjàpá Ń Gbé

Bí ọmọdé bá kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé, tí ó rí ìwé tí ó tò lọ bẹẹrẹ lórí pẹpẹ láti ògiri dé ògiri, ohun tí ó sábà máa ń rò ni pé bí ìwé ti ga sí ni a fi tò ó, tàbí pé aláwọ̀ pupa ni a kó ti aláwọ̀ pupa; n kì í sì í bá a jiyàn, ńṣe ni mo máa ń rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ pé kí wọ́n lọ wá Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo wá fún mi.

Wọn kì í pẹ́ dé. Apá kan á gbé ìwé wá láti ibi tí a kọ 398.2 sí, apá kejì á gbé tiwọn wá láti 597.92, àríyànjiyàn á sì bẹ́ sílẹ̀ títí èmi yóò fi sọ pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú wọn. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ ni ó ni 398.2, láàrin àwọn ìtàn tí ẹnu ń sọ fún etí, òwe sì ni aládùúgbò rẹ̀ ní 398.9, ṣùgbọ́n èyí tí ń jẹ ewé, tí ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ń yé ẹyin sínú ilẹ̀, 597.92 ni ilé rẹ̀ láàrin àwọn afàyàfà.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Melvil Dewey ni ó gbé ètò yìí jáde ní 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí agbo ilé mẹ́wàá, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sí ojúlé mẹ́wàá, ojúlé kọ̀ọ̀kan sí yàrá mẹ́wàá. Nítorí náà, nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé kì í ṣe nọ́ńbà lásán, oríkì orílẹ̀ ìwé náà ni, ọmọ sì lè máa kì í bí ìyá àgbà ti ń ki ọmọ láti orílẹ̀ baba ńlá rẹ̀ wá: 500, ọmọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, 590, ọmọ ẹranko, 599, ọmọ afọ́mọlọ́mú, 599.7, ọmọ apẹranjẹ, 599.75, ọmọ ẹkùn, ọmọ kìnnìún, ọmọ ológbò tí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Kì í ṣe pé Dewey kò ṣègbè o. Nínú 200, tí í ṣe agbo ilé ẹ̀sìn, ẹ̀sìn Kristi ni ó fi kún un láti 220 títí dé 289, ó wá kó gbogbo ẹ̀sìn yòókù láyé há inú 290, níbi tí Ifá àti Ṣàngó ti ń fún ara wọn mọ́ ògiri lábẹ́ 299.6. N kì í fi èyí pamọ́ fún ọmọ tí ó bá ti tó í gbọ́.

Ọmọ tí ó mọ ìṣirò gan-an ni ó máa ń ṣìnà jù. Yóò ní 599.8, ilé ọ̀bọ, ni ó yẹ kí ó ṣíwájú 599.75, nítorí 8 kéré sí 75. Mo ti fi náírà àti kọ́bọ̀ ṣàlàyé rí, pé lẹ́yìn àmì tí ó wà láàrin nọ́ńbà, 8 dúró fún ọgọ́rin kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òde òní kò fojú kan kọ́bọ̀ rí. Mo wá ń ní kí wọ́n máa wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 7 ṣíwájú 8, ọ̀rọ̀ parí, a kì í bi 5 léèrè àfi bí 7 bá pàdé 7.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń sọ àwọn fúnra wọn di ìwé, tí olúkúlùkù á gba káàdì, tí wọn á sì tò láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìwé ìtàn àròsọ kì í sábà ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bíi FAG fún Fágúnwà. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dá bọ̀ wálé. Orí tábìlì ni kí ọmọ fi í sílẹ̀, nítorí èyí tí a bá kì bọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù sínú ilé.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ó mú GIW lọ́wọ́ kọ̀ láti dúró sẹ́yìn GBA. Ó ní nínú a-b-d tí wọ́n kọ́ òun, G ni ó ṣíwájú GB, nítorí náà Gíwá ni ẹ̀gbọ́n Gbàdàmọ́sí. Mo ní a-b-d Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìkàwé fi ń tò ó.

“Tíṣà, ìwé Yorùbá náà ńkọ́?”

Mo ní àti ìwé Yorùbá. Ó lọ sẹ́yìn GBA, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ láàrin wọn.