Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Súmò: Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Omi Lágbára Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni iṣẹ́ rẹ̀ kò lè rìn láìsí omi. Ẹ wo olóúnjẹ tó ní àwo láti fọ̀, onídìrí tó ń fọ irun oníbàárà, alágbàfọ̀, àti àwa onílé tí a ní ayálégbé. Bí omi bá ń yọ tín-ín-rín bí òwú lẹ́nu ẹ̀rọ, oníbàárà kò ní dúró dè wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ.

Ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ rò ni pé súmò tó wà nínú kànga-dẹ̀rọ ti kú. A ó sáré wá yáwó lẹ́gbẹ́, a ó ra tuntun, a ó sanwó iṣẹ́, omi yóò sì tún máa yọ tín-ín-rín bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbèsè á wà lọ́rùn, ìyà omi á sì tún wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn náà wà.

KÍ LÓ Ń TI OMI JÁDE?

Iṣẹ́ súmò kò ju kó gbé omi láti inú kànga lọ sínú tánńkì lókè. Bí omi bá ti dé inú tánńkì, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ohun tó ń ti omi wá sí ẹnu ẹ̀rọ ni bí tánńkì ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ náà lọ tó. Nítorí náà, bí tánńkì bá kún, tí omi kò sì lágbára, ẹ má fọwọ́ kan súmò, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Àfi bí tánńkì kò bá kún mọ́, tàbí tó ń pẹ́ jù kó tó kún, ni kí ẹ yẹ súmò wò. Nígbà náà pàápàá, ẹ kọ́kọ́ wo iná mànàmáná, torí pé iná tó bá ń ṣe bàìbàì kì í jẹ́ kí súmò lè fa omi dáadáa, ó tilẹ̀ lè mú kó jó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tánńkì ńlá ló ń fún omi lágbára. Bí tánńkì lítà 500 àti ti lítà 5,000 bá wà lórí òpó tó ga bákan náà, ìyàtọ̀ díẹ̀ ló máa wà nínú agbára omi wọn. Gíga ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo géèjì tí fọ́kánáísà fi ń wọn táyà: táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń gba nǹkan bí 30. Tánńkì tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, agbára omi rẹ̀ lórí irú géèjì yẹn kò ju bíi 4 lọ. Kó tó lè dé 30, ó ní láti ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 70! Ìdí rèé tí omi fi máa ń lágbára nísàlẹ̀ ilé ju òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Bí agbára náà ṣe kéré tó yìí, ìdọ̀tí díẹ̀ tó to láti dí i lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Èkíní: ṣé ẹnu ẹ̀rọ kan ni, àbí gbogbo ilé? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan péré, ibẹ̀ náà ni àìsàn wà. Ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, tàbí orí ṣáwà. Iyanrìn àti ìpẹtà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dá a padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Èkejì: ṣé lójijì ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Bó bá jẹ́ lójijì, ẹ wo géètì-fáàfù tí à ń lọ́ láti ṣí omi tàbí láti tì í. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe àtúnṣe kò ṣí i tán. Bó bá sì jẹ́ pé tánńkì gbẹ láìpẹ́ yìí, atẹ́gùn lè ti há sínú páìpù. Ẹ jẹ́ kí tánńkì kún, kí ẹ ṣí àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ilé sílẹ̀ títí wọn kò fi ní pọfọ́ mọ́. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ní kí púlọ́ńbà fi páìpù atẹ́gùn sí ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú tánńkì. Páìpù tó bẹ́ náà lè fà á: ẹ ki igi gbígbẹ bọ tánńkì lálẹ́, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lo omi, tí súmò kò sì ṣiṣẹ́, tí omi sì lọ sílẹ̀ kó tó di àárọ̀, ó ń jò níbì kan.

Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni agbára omi ń dínkù, ẹ fọ ìsàlẹ̀ tánńkì, kí ẹ sì pààrọ̀ ohun tó ń sẹ́ omi bí ilé yín bá ní in. Bí páìpù irin ni wọ́n fi ṣe ilé, ó lè ti dípẹtà nínú títí ihò rẹ̀ fi fún. Páìpù bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta: ṣé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé ni? Nígbà náà, tánńkì rẹlẹ̀ jù, tàbí páìpù ti kéré jù. Ihò páìpù ìǹsì kan gba omi tó ti páìpù ìdajì ìǹsì mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí páìpù ńlá ti inú tánńkì wá, kí ti ìdajì ìǹsì wá máa yà kúrò lára rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbé tánńkì sókè sí i, ẹ kíyè sí òpó o! Lítà omi kan, kílò kan ni. Omi inú tánńkì lítà 2,000 wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 40.

Ẹ fi bákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 dán an wò pẹ̀lú. Ẹ gbe omi sí i níbi tó sún mọ́ tánńkì jù, kí ẹ fi aago wo ìṣẹ́jú tó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí omi kò ti lágbára. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá wà lórí ìlẹ̀ kan náà, tí ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀, àárín méjèèjì ni ìdènà wà.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń fi sẹ́yìn tánńkì kó lè ti omi. Ó wúlò fún òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n òun ni kó kẹ́yìn. Bí páìpù bá dí, tàbí tó ń jò, ẹ̀rọ náà yóò kàn mú kí jíjò pọ̀ sí i ni.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yáwó. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń dá owó jọ. Ṣùgbọ́n kí púlọ́ńbà tó dé, ẹ ti ní ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un. Bó bá ṣì ní súmò ni, ẹ bi í pé: “Tánńkì kún, kí ló wá kan súmò?” Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ wá gba fọ́ọ̀mù owó yíyá.