Ohun tó ń mú púlọ́ọ̀gì fò jáde lára ẹ́ńjìnnì Triton

Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, àfi gbàà! bí ìgbà tí ìbọn dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà-pà-pà, òórùn epo sì gba inú ọkọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa Ford F-150 ní Amẹ́ríkà ló mọ ariwo yìí. Púlọ́ọ̀gì kan ló fò jáde, tó sì fọ́ kọ́ìlì tó gùn ún lórí.

Ẹ́ńjìnnì Triton tí Ford ń lò láti 1997 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ló ní àrùn yìí: V8 lítà 4.6 àti 5.4, pẹ̀lú V10 lítà 6.8. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì tètè ń tú ooru dànù, ṣùgbọ́n kò le tó irin, tẹ́rẹ́ẹ̀dì bíi mẹ́rin péré ló sì di púlọ́ọ̀gì mú nínú ihò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ó dín díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná ń bú nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tó ń ti púlọ́ọ̀gì síta. Tó bá ti dẹ̀ díẹ̀ báyìí, á máa gbọ̀n, á máa jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, títí ìyẹn á fi bó tán. Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná lè ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì jẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́rẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá. Epo ń fọ́n jáde látinú ihò yẹn, iná lè sọ. Ẹni tó bá kàn wé púlọ́ọ̀gì náà padà, tó fún un le, ń tan ara rẹ̀ ni.

Pípààrọ̀ odindi tọ́ọ̀pù wọ́n owó púpọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n fẹ ihò náà, kí wọ́n gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun, kí wọ́n wé búṣì sínú rẹ̀. Búṣì Time-Sert, irin ni, ó sì máa ń le ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ní 2007, Ford náà fọwọ́ sí oríṣi kan. Gírísì ni wọ́n ń fi pa irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé e, kí ẹ̀rúnrún alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó má jábọ́ sórí písítìnnì.

Nígbà tí Triton 5.4 olójú fáàfù mẹ́ta dé ní 2004, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò fò mọ́. Èédú lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò débi pé, bí wọ́n bá ń tú u, ó ń kán sínú.