Ògiri tó ń bu l'Adìgbẹ: ṣé ẹ̀bi ayálégbé ni, àbí ti ilé?

Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan l'Abẹ́òkúta, ẹni tó bá fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri lè rí ohun tí kò wù ú. Àmì dúdú wínníwínní á ti yọ sára ọ̀dà. Bàtà aláwọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á ti bu funfun. Agbádá tí wọ́n fọ̀ kó tó wọ àpótí á máa rùn bí ẹni pé wọn ò sá a rí.

Ní Adìgbẹ, àdúgbò kan l'Abẹ́òkúta tí ilé tuntun kì í yéé yọ, ohun tí onílé sábà máa ń sọ ni pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kì í ṣí fèrèsé." Èsì rẹ̀ kì í pẹ́ dé: "Bàbá, ilé yìí gan-an ló ń mu omi." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, torí omi tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí kì í ṣe omi kan náà.

Ohun tó ń bu lára ògiri, ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, kódà nínú ilé tó mọ́ tónítóní. Oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n: ọ̀dà, eruku, pákó, ìwé, awọ. Ooru tó fẹ́ràn náà wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Omi nìkan ló kù tí a lè fi dù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti pẹ́ láyé. Ẹni tó bá ṣí ìwé Léfítíkù orí 14 yóò rí i pé àlùfáà máa ń ti ilé tí ògiri rẹ̀ ní irú àmì bẹ́ẹ̀ pa fún ọjọ́ méje. Bó bá padà dé tó rí i pé ó ti tàn kálẹ̀, wọ́n á yọ òkúta tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á ha inú ilé yíká, wọ́n á wá rẹ́ ẹ lọ́tun. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kàn kun ọ̀dà bò ó.

Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́

Afẹ́fẹ́ máa ń gbé omi tí a kò rí, bó bá sì ṣe gbóná tó ni omi tó lè gbé ṣe ń pọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ tó kún àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, lè gbé omi bíi gíráàmù 30 bó bá gbóná dé 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá tutù wálẹ̀ dé 20, agbára rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 17 lọ. Omi tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bọ́ síbìkan, ibi tó bá sì tutù jù nínú yàrá ló máa ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Lálẹ́ oṣù Kẹfà, bí ooru inú rẹ̀ bá jẹ́ 28, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà súnmọ́ gíráàmù 900. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ̀ wọ́tà ẹyọ méjì, a ò sì tíì ka àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Èémí àti òógùn àgbàlagbà kan tó sùn mọ́jú máa ń fi omi tó ju ìdajì píọ̀ wọ́tà kan lọ kún un. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì nínú yàrá kan, ẹ ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá tún sá aṣọ sínú ilé torí òjò, gbogbo omi ara aṣọ yẹn, inú afẹ́fẹ́ kan náà ló ń lọ.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù lè rò pé òun ti bọ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ń fa omi jáde, ìdí nìyẹn tí páìpù rẹ̀ fi ń kán síta. Àmọ́ bí iná bá lọ lóru, tí ògiri ti tutù dé 22, tí wọ́n wá ṣí fèrèsé torí ooru, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé wá bá ògiri tútù, á sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀ sí i lára. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná dé 28 tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80, ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù dé bíi 24. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ wà lára ohun tó ń ba ògiri wa jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ka èyí mọ́ ẹ̀sùn àwọn oníná.

Omi ilẹ̀ kò mọ fèrèsé

Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilé Abẹ́òkúta wà. Níbi tí erùpẹ̀ kò ti jìn, omi òjò kì í ríbi rì sí. Orí àpáta ló ń bá lọ títí yóò fi dé ìpìlẹ̀ ilé ẹni. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì sì máa ń fa omi. Bí wọn ò bá tẹ́ nylon tó nípọn sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀, tí wọn ò sì fi ohun tí omi kò lè gbà kọjá sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní DPC, díẹ̀díẹ̀ ni omi á máa gun ògiri. Àmì tirẹ̀ yàtọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀dà ti ń wú tó sì ń bó, kì í sábà ga ju bíi mítà kan lọ, ohun funfun kan á sì hó sójú ògiri. Iyọ̀ ni, iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti sìmẹ́ǹtì, tí omi gbé wá tó sì fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ.

Àyẹ̀wò kan wà tí kì í náni lówó. Ẹ nu ojú ògiri náà kó gbẹ, ẹ gé nylon tó fẹ̀ tó ojú ìwé kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin. Ó di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lójú nylon tó kọjú sí yàrá, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nylon ló wà, láàárín òun àti ògiri, ògiri ló ń tú u jáde. Onílé tí ògiri rẹ̀ bá mú èsì kejì yìí wá, kó má tíì bá ayálégbé sọ̀rọ̀ fèrèsé. Kó lọ wo páànù, kó wo gọ́tà, kó wo ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ wá sí ìdí ilé.

Àwọn tí omíyalé oṣù Keje ọdún 2018 bá nílé l'Ìjẹun-Titun àti láwọn àdúgbò míì l'Abẹ́òkúta mọ ohun tí à ń sọ. Ògiri tó bá ti rin gbingbin lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbẹ. Ẹni tó bá sáré kun ọ̀dà lé e lórí, ó ti omi náà mọ́lé ni.

Ilé tó ń gbatẹ́gùn tẹ́lẹ̀

Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ l'Abẹ́òkúta, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí àwọn Sàró àti Àgùdà gbé wálé: fèrèsé pákó tó ń ṣí sápá méjì, àjà gíga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la àárín ilé já dé ẹ̀yìnkùlé. Atẹ́gùn tó bá gba iwájú wọlé á gba ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn náà ni lúfà dé. Bí a bá ṣí i, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo ojú fèrèsé ló ń gba atẹ́gùn. Ó láléèbù tirẹ̀ o: olè lè yọ gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku ọyẹ́ sì ń bá ibẹ̀ wọlé.

Fèrèsé alùmíníọ́mù tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kún ilé tuntun báyìí, wu ojú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni atẹ́gùn ń rí lò, torí gíláàsì kan gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn èkejì. Ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kún un, ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn kún un, ẹ fi fẹ́ǹsì gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú fèrèsé kún un. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ tí kò lérè la ṣe. Irú fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn wà lọ́jà, gbogbo ojú rẹ̀ ló sì ń ṣí.

Fèrèsé tó fẹ̀ nìkan kò sì tó. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì, bí ìgò ló rí: atẹ́gùn á lù ú lẹ́nu, kò ní kọjá. Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán ilé ará Britain tí wọ́n ya àwọn ilé University College Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, mọ èyí dáadáa. Wọ́n ṣe ilé ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè là á kọjá, wọ́n sì fi ògiri oníhò dá oòrùn dúró láìdá atẹ́gùn dúró. Ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin jáde lọ́dún 1956. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ wá bá wa, àríwá ìlà-oòrùn sì ni ti ọyẹ́. Ilé tó ní fèrèsé sí apá méjèèjì yìí ti rí ìdajì iṣẹ́ ṣe, àmọ́ ojú títì là ń kọjú ilé tiwa sí.

Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí èèyàn ti fèrèsé. Ẹ̀fọn wà, olè wà, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà, èéfín yẹn sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ìdí nìyí tí ihò atẹ́gùn tí àwọn bíríkìlà àtijọ́ máa ń fi sókè ògiri nítòsí àjà fi bọ́gbọ́n mu. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, ibẹ̀ ló ń gbà jáde, olè kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Nẹ́ẹ̀tì pénpé ló kù tí wọ́n máa fi bò ó.

Ìgbà wo ló yẹ ká ṣí i?

Ìmọ̀ràn tí àwọn ará Britain ń gbà, pé kí wọ́n ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀, kò bá tiwa mu tán. Nígbà òtútù lọ́hùn-ún, omi inú afẹ́fẹ́ ìta kéré gan-an. L'Adìgbẹ, ní ìdájí oṣù Keje, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti mu omi yó. Láti bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá yọ, ló dára jù láti ṣí ibi méjì tó dojú kọra. Bó bá jẹ́ fèrèsé kan ló wà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ kọjú fáànù síta. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ìta díẹ̀. Ohun tó bá tutù, kó má kọjá ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbẹ. Ibi tó bá ti bu, ọṣẹ àti àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, torí ṣe nìyẹn á tú irúgbìn rẹ̀ ká. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ ohun ìfọǹkan míì láé. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun ṣe é. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé tó ní ọ̀rinrin ń dá kún ikọ́ fée àti èémí tó ń há.

Ní Rochdale, ní ilẹ̀ England, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú, Joanne Kearsley, sọ pé ohun tó bu káàkiri ilé wọn, tí ọmọ náà ń fà símú tipẹ́, ló ṣekú pa á. Láti ọdún 2017 ni bàbá ọmọ náà ti ń fi ẹjọ́ sun àwọn tó ni ilé. Ìgbé ayé ìdílé náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi, kí wọ́n tó wá tọrọ àforíjì. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àwọn tó ń fi ilé ìrànwọ́ háyà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Peckham ní London, gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rinrin tó léwu láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní.

L'Adìgbẹ, ẹni tó ń wá ilé ló máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ọyẹ́ máa ń mú kí ògiri gbẹ, àmì dúdú á dúró jẹ́ẹ́ láìkú, oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ ń fẹ́ náà sì ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń kun ọ̀dà. Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò bó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi ìka kan ògiri bí mítà kan sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún kòròfo. Ẹ wo bóyá fèrèsé wà lára ògiri méjì. Bí ọ̀dà ìsàlẹ̀ bá tuntun ju ti òkè lọ, ẹ bi onílé léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó san owó ọdún méjì.