Kí Ló Dé Tí S Ò Tíì Tán Nílẹ̀ Wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé AS ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, AS náà sì ni àfẹ́sọ́nà ọmọ náà. Ó ní, "Prof, láti ayébáyé ni fòníkú-fọ̀ladìde ti ń pa ọmọdé. Kí ló dé tí S ò tíì tán?"

Iṣẹ́ èdè ni mo fi jẹun o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Lọ́dún 1908, Hardy, onímọ̀ ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Weinberg, dókítà ní Jámánì, ṣe àwárí òfin kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní iye A àti S láàárín àwọn èèyàn kò ní yí padà láti ìran dé ìran bí nǹkan márùn-ún bá dúró: kí èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ẹnikẹ́ni má wo jíìnì kó tó fẹ́yàwó, kí àlejò má wọlé, kí onílé má sì jáde, kí jíìnì má ṣàdédé yí padà, kí gbogbo wọn sì ní àǹfààní kan náà láti yè àti láti bímọ.

Ká ní nínú jíìnì 10, 9 jẹ́ A, 1 jẹ́ S. Nínú ọmọ 100, a ó retí AA 81, AS 18, SS 1. Ẹ ò rí i pé ara AS ni S sá pamọ́ sí jù.

Ibo wá ni nǹkan márààrún ti ń dúró? Kò sí. Bí òfin gírámà ló rí: ẹni tí kò mọ òfin ò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Nílẹ̀ wa, èyí tó kẹ́yìn ló yẹ̀ jù. Ibà ń pa ọmọ AA ju ọmọ AS lọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ń pa ọmọ SS. Ọ̀kan ń dá S dúró, èkejì ń lé e. Ìdí tí kò fi tán nìyẹn. Ìkejì náà ti ń yẹ̀: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò. Ìyẹn ń dín ọmọ SS kù, àmọ́ kò pa S rẹ́, torí AS tó fẹ́ AA ṣì lè bí AS.

Mo wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni òfin yìí ń sọ. Ti AS méjì yàtọ̀: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, kò ní kí àbúrò rẹ̀ bọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kù sọ́wọ́ wọn.